Dókítà Wà Lórí Fóònù, Ta Ló Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Aláìsàn?

Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni wọ́n dá sílẹ̀ nílùú yìí tí kò rí ọdún kẹta. Ọlọ́run tó mú tiyín dé ibi tó dé lónìí kò ní jẹ́ kó tú.

Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ àgbà kí n tó sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kí n tó fẹ̀yìntì. Nígbà tí Akọ̀wé yín wá sọ fún mi pé kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ lórí ìtọ́jú láti ọ̀nà jíjìn, ìyẹn ìtọ́jú tí dókítà ń ṣe fún aláìsàn tí kò sí níwájú rẹ̀, nípa fóònù, fídíò tàbí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé kí n kọ̀. Ìdí tí mo fi fẹ́ kọ̀ náà ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ẹgbẹ́ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ kò ní gbàgbé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, télọ̀ tó rán aṣọ ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ tí ẹ wọ̀. Ní ọdún méje sẹ́yìn, lásìkò òjò, ó pè mí ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan. Orúkọ iṣẹ́ mi ló máa ń fi pè mí. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, orí ń fọ́ mi o. Ọrùn mi náà sì le." Ìbàdàn ni mo wà. Mo bi í bóyá ara rẹ̀ gbóná. Ó ní ó gbóná díẹ̀. Mo bi í bóyá ó ń jẹun. Ó ní ẹnu òun korò. Mo ní, "Bùọ̀dá mi, ibà ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín ra oògùn ibà ní kẹ́místì." Mo fi owó oògùn ránṣẹ́ láti orí fóònù kan náà. Inú mi dùn. Mo ń sọ lọ́kàn ara mi pé ayé ti dára, mo jókòó sí Ìbàdàn, mo sì tọ́jú ẹ̀gbọ́n mi nílé.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ó tún pè. Orí fífọ́ kò lọ. Mo ní kó fún oògùn láyè kó ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìyàwó rẹ̀ gba fóònù, ó ní ọkọ òun ń sọ pé ojú òun ń ṣú. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó sùn dáadáa. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, bí mo ṣe ń múra ṣọ́ọ̀ṣì, fóònù dún. Ẹnu ẹ̀gbọ́n mi ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá ọ̀tún kò gbéra mọ́. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ọsibítù, wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀. 220 lórí 130 ni wọ́n bá.

Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìfúnpá, méjì ló wà nínú yàrá mi ní Ìbàdàn lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹyọ kan nílé wa níbí.

Ó lo ọdún mẹ́rin sí i láyé. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò padà. Télọ̀ ni, ẹ mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún jẹ́ fún télọ̀. Aṣọ ni wọ́n fi bo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní kọ̀rọ̀ yàrá. Kò fi ìgbà kan dá mi lẹ́bi. Bí mo bá wá kí i, ọwọ́ òsì ló máa ń nà sí mi, á sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ èmi àbúrò rẹ̀ pé òsì ni òun fi ń kí mi. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní òdì. N kò wá sọ pé kí ẹ má pe dókítà lórí fóònù. Fóònù kò ṣẹ̀ mí. Ó gbé ohùn ẹ̀gbọ́n mi dé etí mi, ohùn náà sì mọ́ gaara. Ohun tí kò sí ni ẹni tó lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó di ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá, kó ka nọ́ńbà kan sí mi létí. Ká ní mo gbọ́ 220 ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni, n kò ní dárúkọ ibà. Òru yẹn ni wọn ì bá gbé e lọ sí ọsibítù. Èmi náà jẹ̀bi, nítorí mo yẹ kí n béèrè, n kò béèrè. Àwọn àgbà ní ojú l'ọ̀rọ̀ wà. Ìtọ́jú náà, ojú ló wà. Bí ojú dókítà kò bá lè débẹ̀, a gbọ́dọ̀ wá ojú mìíràn síbẹ̀.

Nǹkan kan ṣoṣo tí mo wá sọ lónìí nìyẹn. Ìyókù ọ̀rọ̀ mi, àlàyé rẹ̀ ni.

BÍ IṢẸ́ NÁÀ ṢE BẸ̀RẸ̀

Lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n mi lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé lórí bí àwọn ènìyàn ṣe ń tọ́jú ẹni tó jìnnà. Mo rò pé nǹkan àná ni. Àṣé ó ti pẹ́.

Àwa náà ń ṣe é nílẹ̀ yìí kí wáyà tó dé. Àwọn àgbà wa sọ fún mi pé bí ara ẹnìkan kò bá yá lóko, ará ilé rẹ̀ ló máa ń lọ bá oníṣègùn. Oníṣègùn á béèrè pé: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Báwo ni ojú rẹ̀ ṣe rí? Ṣé ó ń tọ̀? Bí ẹni tí wọ́n rán kò bá wo aláìsàn dáadáa kó tó kúrò nílé, oníṣègùn á ní kó padà lọ wò ó. Ẹni tí wọ́n rán ni ojú oníṣègùn.

Ní ọdún 1905, ní ìlú Leiden lórílẹ̀-èdè Netherlands, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Willem Einthoven ní ẹ̀rọ kan tó ń ya bí ọkàn ènìyàn ṣe ń lù. Ẹ̀rọ náà tóbi, ó sì wúwo, kò ṣe é gbé lọ sí ọsibítù. Àwọn aláìsàn náà kò rọrùn láti gbé wá síbi ẹ̀rọ. Ó bá lo wáyà tẹlifóònù tó so ibi méjèèjì pọ̀, nǹkan bíi kìlómítà kan àbọ̀. Aláìsàn á ti ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bọ omi iyọ̀ ní ọsibítù, wáyà á sì gbé ìlù ọkàn rẹ̀ dé iwájú ọ̀jọ̀gbọ́n. Ní ọdún 1924, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ta ló pèsè omi iyọ̀ sílẹ̀, tó sì so wáyà mọ́ ọn? Ẹni tó wà lọ́dọ̀ aláìsàn ni.

Èyí tó wù mí jù ni ti Ọsirélíà. Àárín gbùngbùn ilẹ̀ náà fẹ̀ púpọ̀, oko màlúù ni, ilé kan lè jìnnà sí èkejì ju ibí lọ sí Èkó. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan, John Flynn, rí i pé àwọn ènìyàn ń kú nítorí àìrí dókítà. Ní ọdún 1928, ó dá iṣẹ́ dókítà inú ọkọ̀ òfurufú sílẹ̀ ní ìlú Cloncurry. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹni tó wà lóko yóò ṣe pe dókítà? Kò sí wáyà, kò sì sí iná. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Alfred Traeger ló ṣe rédíò kan tí ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ wà bíi kẹ̀kẹ́ kí iná tó wọ inú rẹ̀. Ní ọdún 1929, wọ́n ti ń lò ó. Ẹ̀yin tí ẹ ń dúró de iná mànàmáná kí ẹ tó lè fi fóònù sí iná, ẹ rí i pé ìṣòro yín kì í ṣe tuntun.

Nígbà tó yá, wọ́n gbé àpótí oògùn kọ̀ọ̀kan fún àwọn oko náà. Wọ́n kọ nọ́ńbà sára oògùn kọ̀ọ̀kan. Dókítà kò ní máa pe orúkọ oògùn tó le lórí rédíò tó ń hó, á kàn ní, "Ẹ mú nọ́ńbà báyìí, ẹ fún un ní méjì." Wọ́n tún ya àwòrán ara ènìyàn, wọ́n kọ nọ́ńbà sí ibi gbogbo lára rẹ̀, kí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń ké lè sọ fún dókítà pé nọ́ńbà báyìí ló ń dun ọmọ òun. Ẹ kíyè sí i pé rédíò nìkan kọ́ ló ń wo aláìsàn sàn. Rédíò ni, àti àpótí, àti àwòrán, àti ìyàwó olóko tó mọ bí a ṣe ń lò wọ́n. Bí a bá yọ ìyàwó olóko kúrò, ariwo lásán ni rédíò ń pa.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ọdún 2001. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà ni fóònù alágbèéká GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ẹ rántí bí a ṣe ń to ìlà láti ra síìmù. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, ní ọjọ́ keje oṣù kẹsàn-án, dókítà ará Faransé kan, Jacques Marescaux, jókòó sí New York, ó sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún obìnrin ẹni ọdún 68 kan tó wà ní Strasbourg lókè òkun kejì. Ó yọ àpò òróòro rẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń gbé ọwọ́ dókítà kọjá òkun. Gbogbo ayé pariwo. Ṣùgbọ́n ohun tí wọn kì í sábà sọ ni pé àwọn dókítà mìíràn dúró ti obìnrin náà ní Strasbourg, bí nǹkan bá yí, kí wọ́n gba iṣẹ́ ṣe. Kódà ẹ̀rọ tó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ kò fi aláìsàn sílẹ̀ lóun nìkan.

Nítòsí wa níbí, ní Ghana, wọ́n dán an wò ní agbègbè Amansie West nílẹ̀ Àṣáńtì, kí wọ́n tó gbé e dé àwọn ibòmíràn. Aláìsàn kọ́ ló ń pe dókítà níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìlera tó wà ní abúlé ló ń wo aláìsàn, tó sì ń pe àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà tó jókòó ti fóònù ní ọsibítù. Wọ́n jọ ń pinnu bóyá kí ẹni náà gba ìtọ́jú lábúlé tàbí kí wọ́n gbé e lọ.

Láti Leiden dé Ghana, ọgbọ́n kan náà ni.

OHUN TÍ FÓÒNÙ LÈ ṢE FÚN WA

Kò sí ẹni tó wà níbí tí kò mọ̀ pé dókítà kò tó wa. Àwọn tí ìjọba kọ́ ń jáde lọ sókè òkun lójoojúmọ́, àwọn tó kù sì wà nínú ìlú ńlá. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé, tí wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tó ní in lórílẹ̀-èdè yìí ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020, tí ìjọba sì ti Èkó, Ògùn àti Àbújá pa ní ọdún náà, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ni kò lè dé ọ̀dọ̀ dókítà wọn. Ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ fi fóònù gba ìtọ́jú. Ilé ìwòsàn ti ṣí padà, àmọ́ àṣà náà kò lọ mọ́, kò sì yẹ kó lọ.

Fóònù dára fún ẹni tí dókítà ti mọ àìsàn rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun dín oògùn kù tàbí kí òun fi kún un. Ó dára fún kíka èsì àyẹ̀wò. Ó dára fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́, tí kò rí oorun sùn, tó nílò ẹni tó mọ iṣẹ́ láti bá sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ó dára fún nǹkan tó hàn lára, tí a lè ya fọ́tò rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀.

Mo rí èyí tó kẹ́yìn yìí pẹ̀lú ojú mi. Ìyá kan nílùú wa yìí tó ní ìtọ̀ ṣúgà, egbò wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń fi ewé dì í. Òṣìṣẹ́ ìlera kan rí i, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí dókítà. Dókítà ní kó fi ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ egbò náà, kó sọ bó ṣe rí. Ó ní kó wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ èsì, ó ní, "Ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la. Ẹ gbé e wá lónìí." Ìyá náà pàdánù ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà, ó ń fi í rìn lọ sọ́jà. Fóònù kan náà, irú èyí tí mo fi pa ẹ̀gbọ́n mi lára, ló gba ẹsẹ̀ ìyá yìí là. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni ẹni tó fi ìka tẹ egbò.

OHUN TÍ A KÌ Í FI FÓÒNÙ DÁ DÚRÓ

Àwọn nǹkan kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ṣẹlẹ̀, ọkọ̀ là ń wá, a kì í dúró de ìdáhùn lórí WhatsApp. Mo bẹ̀ yín, ẹ gé ojú ìwé yìí kúrò nínú ìwé àjọyọ̀ yín, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri nílé.

Bí ẹnu ẹnìkan bá ṣàdédé wọ́, tí apá kan kò gbéra, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu: rọpárọsẹ̀ lè ti bẹ̀rẹ̀. Oògùn kan wà tó ń tú ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú ọpọlọ, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí mẹ́rin àbọ̀ ni wọ́n sábà máa ń fún ènìyàn, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yàwòrán orí rẹ̀. Ẹni tó bá fi wákàtí wọ̀nyẹn dúró de ìpè ti fi wọ́n ṣòfò.

Bí àyà bá ń dun ènìyàn bíi pé wọ́n gbé ẹrù lé e, tí òógùn sì bò ó.

Bí èémí kò bá ja geere.

Bí aboyún bá ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí tí orí ń fọ́ ọ gidigidi, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, tí gìrì sì ń mú un.

Bí ọmọ ọwọ́ kò bá lè mu ọmú mọ́, tàbí tó ń sùn tí kò ṣe é jí.

Nínú gbogbo èyí, ẹ lè pe ọsibítù pé ẹ ń bọ̀, kí wọ́n múra sílẹ̀. Ẹ pè é bí ọkọ̀ ṣe ń lọ.

BÍ A ṢE Ń PE DÓKÍTÀ

Fún àìsàn tí kò rí bẹ́ẹ̀, ọ̀nà wà tí a ń gbà pè. Ẹ má pe dókítà lọ́wọ́ òfo. Ẹ wọn ara gbígbóná, ẹ wọn ìfúnpá, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò. Kí ẹni tí a fẹ́ wọn ìfúnpá rẹ̀ ti tọ̀, kó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó fi ẹ̀yìn ti àga, kó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, kó gbé apá sórí tábìlì, kó má sọ̀rọ̀. Bí nọ́ńbà bá ti ń jẹ́ 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ tó yàtọ̀ síra, ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àwọn tó ní in lágbàáyé ju bílíọ̀nù kan lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì mọ̀, nítorí kì í sábà dun ènìyàn. Ẹ má gbà pé fóònù nìkan lè wọ̀n ọ́n bí ẹ bá fi ìka lé e. Ẹ̀rọ tí a ń dì mọ́ apá ni kí ẹ lò.

Ẹ kó gbogbo oògùn yín síwájú, kí ẹ ka orúkọ wọn. Àgbo tí ẹ mu náà, ẹ sọ ọ́. Dókítà kò ní bú yín. Bí ó bá bú yín pàápàá, ìbú sàn ju kí oògùn méjì máa bá ara wọn jà nínú yín. Nígbà tó bá sọ̀rọ̀ tán, ẹ tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún un, kó gbọ́ bóyá ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè jẹ ọ̀rọ̀ kan mọ́ ọn lẹ́nu, "lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́" á sì di "lẹ́ẹ̀mẹ́ta".

Ẹ béèrè bóyá ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ dókítà nílẹ̀ yìí. Ojúgbà wa tó jẹ́ dókítà ní London tàbí ní Amẹ́ríkà lè gbà wá nímọ̀ràn, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ tibẹ̀ yàtọ̀ sí tibí, kò sì mọ oògùn tó wà ní kẹ́místì wa.

Ẹ̀yin tí ẹ sì máa ń ju fọ́tò egbò ìyá yín àti èsì àyẹ̀wò bàbá yín sórí WhatsApp ẹbí, kí ọgọ́rùn-ún ènìyàn lè bá yín gbàdúrà, mo bẹ̀ yín, ẹ dákun. Àìsàn ènìyàn, àṣírí rẹ̀ ni. Òfin tó ń dáàbò bo ìwífún ènìyàn ti wà nílẹ̀ yìí láti ọdún 2023. Kí òfin tó dé pàápàá, ọmọlúàbí kì í tú ìdí àgbà síta.

OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ ẸGBẸ́ ṢE

Mo ti dé ibi tí mo ń lọ. Àwọn ọmọ wa wà lókè òkun, wọ́n ń fi owó ránṣẹ́, wọ́n ń pe ìyá wọn lórí fídíò ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Wọ́n ń rí ojú ìyá wọn, wọn kò rí ìfúnpá rẹ̀. Ìyá náà á sì rẹ́rìn-ín sí wọn, á ní, "Ara mi yá, ọmọ mi, ẹ má wòye." Ìyá wo ló fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ máa ronú nílẹ̀ àjèjì?

Mo lọ sí ilé ìtọ́jú alábọ́ọ́dé tó wà lẹ́yìn ọjà ní ọjọ́ Ajé tó kọjá. Ẹ̀rọ ìfúnpá kan ló wà níbẹ̀, rọ́bà rẹ̀ ti là. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀, òun ló ya fọ́tò egbò ìyá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, fóònù ara rẹ̀ ló ń lò, dátà ara rẹ̀ ló ń rà. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé tó fi ń ṣe é, ó ní, "Màmá, bí mi ò bá pè, ta ni yóò pè?"

Ẹgbẹ́ yìí ti gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, ẹ ti san owó ilé-ìwé fún ọmọ ọlọ́mọ. Mo ń bẹ̀ yín pé kí iṣẹ́ ọdún kẹwàá yín jẹ́ yàrá kan ṣoṣo. Ẹ má kọ́ ilé tuntun. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹ tún yàrá kan ṣe nínú ilé ìtọ́jú tó wà náà. Kí ẹ̀rọ ìfúnpá méjì wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìdipá ńlá àti kékeré, nítorí apá kò dọ́gba. Kí tẹmómítà wà, àti ẹ̀rọ tó ń wọn ṣúgà pẹ̀lú bébà rẹ̀, àti èyí tí a ń fi há ọmọ ìka láti mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe tó nínú ẹ̀jẹ̀. Kí ìwọ̀n wà, kí ìwé àkọsílẹ̀ wà. Kí fóònù kan tó ní kámẹ́rà tó mọ́ wà, fóònù tí ẹnikẹ́ni kò ní gbé relé. Kí sólà kékeré àti bátìrì wà, nítorí ẹ̀yin náà mọ ọ̀rọ̀ iná. Kí ẹ bá dókítà kan tó ní ìwé àṣẹ ṣàdéhùn, pé ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, ní wákàtí tí a mọ̀, yóò gbé ìpè.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ra gbogbo ẹ̀rọ yìí tí ẹ kò ní ènìyàn níbẹ̀, ẹ ti ra rédíò láìsí ìyàwó olóko. Ẹ wá ọmọ ìlú méjì, kí wọ́n kọ́ wọn bí a ṣe ń wọn nǹkan, bí a ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀, bí a ṣe ń wo aláìsàn lójú. Kí wọ́n máa dé ilé àwọn arúgbó tí kò lè rìn. Owó oṣù wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sílẹ̀, kí ẹ tó ra ẹ̀rọ kankan. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n gé rìbọ́ǹ fún tí eruku bò, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́.

Èmi yóò kọ́ àwọn ọmọ méjèèjì náà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún kan. Ẹ̀rọ ìfúnpá méjì tó wà ní yàrá mi ní Ìbàdàn lọ́jọ́sí, mo gbé wọn wá. Wọ́n wà nínú báàgì mi níwájú yìí. Bí mo bá sọ̀rọ̀ tán, Ààrẹ ni yóò gbà wọ́n.

Mo ṣírò ìyókù owó tí a nílò láti bẹ̀rẹ̀. Kò tó ohun tí a ná lórí aṣọ tí gbogbo wa wọ̀ wá síbí lónìí. N kò ní ká má wọ aṣọ o. Àbúrò télọ̀ ni mí, aṣọ ló tọ́ mi dàgbà. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí a bá ti pawọ́ pọ̀ ra aṣọ kan náà, a lè pawọ́ pọ̀ wo ara wa. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ojúgbà, orí tó mú wa ṣe ẹgbẹ́ kò ní jẹ́ ká di ẹni à ń wá tì. Rọpárọsẹ̀ kò ní mọ ilé wa. Ọwọ́ ọ̀tún wa ni a ó máa fi kí ara wa. Àṣèyí ṣàmọ́dún o. Ọdún kẹwàá á di ogún, ogún á di àádọ́ta, lójú ẹ̀mí gbogbo wa.